Àgbà tí kò mọ̀wé: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìtìjú, iyì ara ẹni àti kíkọ́ ìwé lẹ́yìn 50 ọdún

Àwọn tó ti dàgbà tí wọn kò lè kà, tí wọn kò sì lè kọ, la kọ èyí fún, àti ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó ń kà á sí wọn létí. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń kà á fún ìyá tàbí bàbá yín, ẹ rọra kà á, ẹ má sì fo ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọmọ. Àwọn ìbéèrè tó wà níbí kì í jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí èèyàn bá wọ kíláàsì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn gbàgbé awò sílé.

Ṣé torí pé mi ò gbọ́n ni mi ò ṣe mọ̀wé?

Rárá. Ẹ wo ohun tí ẹ ti ń fi orí ṣe láti ọjọ́ yìí. Oníṣòwò tí kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo lè ní oníbàárà 30 tó ra ọjà láwìn, kó sì mọ ẹni tó ku ₦500 lọ́rùn rẹ̀ àti ẹni tó ti san tán. Ẹni tó ń ka nǹkan ní Yorùbá ń ṣe ìyọkúrò nínú orí láìfura: márùndínláàádọ́ta ni 50 tí a yọ 5 kúrò nínú rẹ̀, ẹ́tàdínlógún ni 20 tí a yọ 3 kúrò. Odù Ifá 256 ni babaláwo fi orí gbé, kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Kí bébà tó dé, owó ẹyọ tí a so pọ̀, tí a kọ ojú wọn síra tàbí tí a kọ ẹ̀yìn wọn síra, ni àwọn baba wa fi ń pàrokò láti ìlú dé ìlú.

Irinṣẹ́ ni lẹ́tà. Ẹni tí kò ní in ń fi ọwọ́ lásán ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíì ń fi àáké ṣe. Á tètè rẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì lè má yá, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè sọ pé kò lápá. Ọ̀rọ̀ "púrúǹtù" tí wọ́n fi ń bú yín ló da ènìyàn àti irinṣẹ́ pọ̀ mọ́ra wọn.

Ta ló jẹ̀bi pé mi ò lọ sílé ìwé?

Ìbéèrè yìí ló sábà máa ń fa omijé, nítorí náà ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀ dáadáa.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí ìjọba ìwọ̀ oòrùn. Ọmọ tó pé ọdún 6 lọ́jọ́ yẹn, 1949 ni wọ́n bí i. Ẹni tó bá dàgbà jù ú lọ, owó ló fi ń wọlé. Ilé tó ní ọmọ mẹ́jọ á yan ẹyọ kan tàbí méjì, wọn á fi àwọn tó kù sóko, sọ́jà, tàbí sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí. Ó sábà máa ń jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n ń yàn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àkọ́bí ọkùnrin gan-an ni kì í lọ, torí òun ló lè di ọkọ́ mú.

Ọ̀fẹ́ náà kò sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ń gbé abà tí ilé ìwé jìnnà sí, ẹni tí bàbá rẹ̀ kú, ẹni tí wọ́n fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹni tó ń kiri ọjà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ nígbà tí agogo ilé ìwé ń dún: gbogbo wọn wà nígbà tí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ káàkiri Nàìjíríà ní 1976, wọ́n sì tún wà lẹ́yìn òfin UBE ti 2004, èyí tó sọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ di dandan fún gbogbo ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni 52 ọdún fi lè jókòó ti ẹni 75 ní kíláàsì kan náà.

Iṣẹ́ kan wà tí a máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbí: ẹ sọ ìdí tí ẹ kò fi lọ sílé ìwé ní gbólóhùn kan, láìfi "orí mi ló burú" kún un. Àpẹẹrẹ: "Mo jẹ́ ọmọ ọdún 7, ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi lọ, ó ní kí n máa bá òun ta ẹja." Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ á rí i nígbà kẹta pé ọmọ kékeré kan ló wà nínú gbólóhùn náà, ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè ohun tó fẹ́. Bí inú bá ń bí yín sí òbí yín lẹ́yìn náà, kò burú. Ìbínú sàn ju kí ẹ máa bá ara yín wí fún ohun tí àwọn ẹlòmíì pinnu.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Kí ló dé tí ojú ṣì ń tì mí tó báyìí?

Nítorí pé ẹ ti ń fi nǹkan pamọ́ fún 40 ọdún, iṣẹ́ ńlá sì ni fífi nǹkan pamọ́. Ẹ wo irú rẹ̀: "Dígí mi wà nílé." "Ọwọ́ ń dùn mí, ẹ bá mi kọ ọ́." Ẹni tó ṣí ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń wo ẹnu ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ ipò ìyálọ́jà tàbí akápò ẹgbẹ́ sílẹ̀, tó ní òun ò ráàyè, torí ó mọ̀ pé wọn á gbé ìwé lé òun lọ́wọ́.

Ohun tí èyí ń ná yín ju ìtìjú lọ. Oògùn tí nọ́ọ̀sì kọ "1 × 3" sára àpò rẹ̀, tó túmọ̀ sí ẹyọ kan nígbà mẹ́ta lóòjọ́, ẹni tí kò bi ẹnikẹ́ni lè lo mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ìwé ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ka sí láìkà. Iyì tó bá dúró lórí pé kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ kì í fi ọkàn ẹni balẹ̀, nítorí ọjọ́ kan péré ni ó fi lè wó.

Ọmọ mi kò mọ̀. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́?

Ẹnì kan péré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ṣàwàdà. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọmọ. Ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò lè sàn jù. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ àríyá, ẹ má sì ṣe é lójú fóònù. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sọ nǹkan méjì: òótọ́ náà, àti ohun kan pàtó tí ẹ fẹ́. "Mi ò lè kàwé. Mo fẹ́ kí o bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà." Ohun kejì yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá sọ òótọ́ nìkan, ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú yín. Bí ẹ bá béèrè nǹkan, á ní iṣẹ́ tó máa ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ẹ má sọ pé "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọdún yẹn, ẹ̀ ń tàn wá ni?" Ẹ má sì yára sọ pé "Kò sí nǹkan nínú ìyẹn, màmá." Nǹkan wà nínú rẹ̀; bí kò bá sí, wọn kì bá tí fi í pamọ́. Ẹ dúpẹ́ pé wọ́n sọ fún yín, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ní ọjọ́ tó rọrùn fún wọn láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sọ fún àwọn àbúrò yín láìgba àṣẹ.

Ṣé ọpọlọ mi ṣì lè gbà á?

Bẹ́ẹ̀ ni. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Kimani Maruge ní orílẹ̀-èdè Kenya wọ kíláàsì kìíní ní 2004 nígbà tó pé ọdún 84, ó sì jókòó láàárín àwọn ọmọ kéékèèké. Ní 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Brazil àti Portugal, tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ ènìyàn 63. Àwọn kan nínú wọn ti kàwé láti kékeré, àwọn kan kò kà rárá, àwọn kan kọ́ ọ nígbà tí wọ́n dàgbà. Ibi tí ọpọlọ ti ń dá lẹ́tà mọ̀ ti jí lára àwọn tó kọ́ ọ lágbà náà. Ọpọlọ kì í ti ilẹ̀kùn yẹn pa.

Ohun tó máa ń ṣòro fún àgbà ni lẹ́tà tí kò nítumọ̀, tí wọ́n kọ sílẹ̀ lásán tí wọ́n ní kó gbé sórí. Ohun tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju ọmọdé lọ ni ọ̀rọ̀: ẹ ti ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu. Ọmọ ọdún 6 ń kọ́ lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ pọ̀. Lẹ́tà nìkan ló kù fún yín.

Mo gbìyànjú nígbà kan, ohun tí wọ́n kọ sójú bọ́ọ̀dù kàn ń dàrú mọ́ra wọn ni.

Ẹ lọ yẹ ojú wò kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ kò lè kọ́ ọ. Láti nǹkan bí ọdún 40 sókè, ojú gbogbo ènìyàn kì í rí ohun tó sún mọ́ ọn dáadáa mọ́. Ẹni tó mọ̀wé á tètè fura, torí á bẹ̀rẹ̀ sí í na ìwé jìnnà síwájú. Ẹni tí kì í kàwé kò ní ohun tó máa fi mọ̀ ọ́n, àfi bóyá okùn abẹ́rẹ́ tí kò wọlé mọ́. Ẹni 50 ọdún sábà máa ń nílò awò tí nọ́ńbà agbára rẹ̀ tó bíi +1.50 sí +2.00; ẹni 60, bíi +2.50. Ojú ìwé yẹ kó jìnnà sí ojú yín tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40, kí lẹ́tà sì tóbi.

Awò tí wọ́n ń tà lójú títì lè ṣiṣẹ́ fún kíkà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó rọ́pò àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn. Àrùn glaucoma wọ́pọ̀ lára àwọn ènìyàn dúdú tó ti lé ní 40, kì í dunni, ó sì ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá. Àyẹ̀wò nìkan ló lè tú u fó.

Yorùbá ni kí n kọ́kọ́ kọ́ ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Yorùbá. Ọ̀pọ̀ máa ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì torí òun ni iyì wà lára rẹ̀ lójú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń padà sílé. Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí ohùn padà. Lẹ́tà "a" ní "ata" àti "a" ní "aṣọ", ohùn kan náà ni. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti lè ka Yorùbá, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì mélòó kan péré ló kù láti mọ̀: c, q, v, x, z.

Báwo gan-an ni wọ́n ṣe ń kọ́ àgbàlagbà?

Orúkọ yín ni ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe A, B, D. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pè yín nílé, lẹ́tà ńlá, ìgbà 10 lóòjọ́. Ẹ lo pẹ́ńsù, torí bíróò máa ń yọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ sì lo ìwé onílà méjì-méjì tí àwọn ọmọ prámárì ń kọ. Ọwọ́ tó ti fi ọkọ́ tàbí ọmọ odó ṣiṣẹ́ fún 40 ọdún máa ń tẹ pẹ́ńsù le. Bí ìka bá ń dùn yín, ẹ fi aṣọ wé pẹ́ńsù kó nípọn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ tó kan ìgbésí ayé yín: ata, epo, owó, ilé. Ẹ mú "ata". Ẹ gé e sí méjì: a, ta. Lẹ́yìn náà ẹ pa fáwẹ̀lì rẹ̀ dà: ta, te, tẹ, ti, to, tọ, tu. Nínú ọ̀rọ̀ kan, ẹ ti rí méje. Kọ́ńsónáǹtì (irú t) jẹ́ 18, fáwẹ̀lì àìránmúpè (a, e, ẹ, i, o, ọ, u) jẹ́ 7; bí ẹ bá so wọ́n pọ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 126. Bí ẹ bá mọ márùn-ún tuntun lóòjọ́, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ máa fi parí wọn. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1963, ní ìlú Angicos ní Brazil, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Paulo Freire fi ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ òòjọ́ kọ́ nǹkan bí 300 òṣìṣẹ́ ní ìwé fún wákàtí 40. Nígbà yẹn ẹni tí kò mọ̀wé kò lè dìbò níbẹ̀, ẹ lè rí ìdí tí kò fi pẹ́ tí àwọn ológun tó gbàjọba ní 1964 fi jù ú sẹ́wọ̀n.

Ẹ̀yìn náà la máa ń kan ohun tó ń da ènìyàn láàmú:

Gb jẹ́ lẹ́tà kan, kì í ṣe méjì. B àti d máa ń yí sọ́tùn-ún yí sósì lójú akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ kan, kó tó kan èkejì. E àti ẹ, o àti ọ, s àti ṣ: àmì ìsàlẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, tísà tó bá ń gbàgbé rẹ̀ ń ṣe yín níbi. "An" àti "ọn" máa ń jọ ara wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n "ìtàn" la kọ, "ẹ̀wọ̀n" la sì kọ. Ẹ fara mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi í sílẹ̀.

Àmì ohùn ń bọ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ keje. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ẹnu yín ti mọ̀ ọ́n. Dò, re, mí. Ẹ kọ "ọkọ" sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ pé: èyí tó fẹ́ ìyàwó, èyí tí wọ́n fi ń roko, èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ sójà. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí èyí, ọ̀pọ̀ máa ń rẹ́rìn-ín, torí wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n ti ń sọ láti kékeré ló wà lórí bébà.

Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ka ti àná.

Mo mọ kéwú. Ṣé ó ràn mí lọ́wọ́?

Ó ràn yín lọ́wọ́ gan-an. Ẹni tó ń ka Kùránì mọ̀wé. Lẹ́tà tó yàtọ̀ ló mọ̀. Ẹ ti mọ̀ pé àmì kan ń dúró fún ohùn kan, èyí tó jẹ́ ìdajì iṣẹ́ náà. Ohun tó máa dà yín láàmú fún ọ̀sẹ̀ méjì ni pé ojú yín á fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Ẹ fi ìka ọwọ́ òsì sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà.

Níbo ni kíláàsì wà, èló sì ni?

Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àgbà, NMEC, sílẹ̀ ní 1990, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ní Èkó, Agency for Mass Education ni wọ́n ń pè é. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò, ní ìrọ̀lẹ́. Ìpele àkọ́kọ́ máa ń gba oṣù 6 sí 9. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí náà máa ń ṣe é, ẹgbẹ́ ọjà náà lè gba tísà kan fúnra wọn: obìnrin 12 tó bá dá owó jọ lè ní kíláàsì nínú ọjà lẹ́yìn tí wọ́n bá pa àtẹ.

Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà lẹ ń gbé, ẹ béèrè ní ilé ìkówèésí ìjọba ìlú yín. Ọ̀pọ̀ wọn ní ẹni tó ń kọ́ àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́, ní Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ló ń lé ènìyàn kúrò ní kíláàsì?

Ìdí mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ọjà: tí ọjọ́ kíláàsì bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà ńlá, ẹnikẹ́ni kò ní wá, kò sì yẹ kí wọ́n wá. Kí tísà tó mú ọjọ́, kó bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èkejì ni òkú, ìgbéyàwó àti ìkómọ. Ẹni tó pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì máa ń tijú láti padà. Kíláàsì tó dára máa ń ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lọ wo ẹni tó bá pa á jẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ̀kẹta ló burú jù: tísà tó ń bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún màmá!" Ẹni tó tọ́ ọmọ mẹ́fà kò nílò àtẹ́wọ́ torí pé ó kọ "epo". Tísà tó jẹ́ ọmọ ọdún 25 gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí wọn kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má sì pe ẹnikẹ́ni síwájú bọ́ọ̀dù láìbi í. Bí tísà yín bá ń bá yín sọ̀rọ̀ bí ọmọdé, ẹ sọ fún un lẹ́yìn kíláàsì, ẹ̀yin méjì péré. Bí kò bá yí padà, ẹ wá tísà mìíràn. Ẹ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà, lẹ́tà kò dúró lórí mi.

Bí ojú bá dára, tí ẹ sì ń wá déédéé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dyslexia, ìṣòro tí wọ́n ń bí mọ́ ènìyàn tó ń jẹ́ kí ó nira láti so lẹ́tà mọ́ ohùn. Kò kan ọgbọ́n. Àwọn kan tí wọ́n lé kúrò nílé ìwé ní kékeré pé olódo ni wọ́n, òun ló ṣe wọ́n. Ẹ fi ìka kọ lẹ́tà sínú yanrìn, kẹ́ ẹ máa pe ohùn rẹ̀ bí ìka ṣe ń lọ. Lẹ́tà méjì lọ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi bébà bo àwọn ìlà tó kù, kó jẹ́ pé ìlà kan ló hàn.

Ọ̀rọ̀ ti ẹni tó ti ń kà tẹ́lẹ̀ tó wá ṣàdédé gbàgbé yàtọ̀. Tí ẹnu bá wọ́ tàbí tí ọwọ́ kan bá kú pẹ̀lú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Kí n tó mọ̀ ọ́n, báwo ni wọn ò ṣe ní rẹ́ mi jẹ?

Òfin wà. Ní Nàìjíríà, òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé sọ pé ẹni tó bá kọ lẹ́tà tàbí ìwé àdéhùn lórúkọ ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ìwé náà. Bó bá ti kọ ọ́, ohun tó ń sọ ni pé òun kọ ohun tí ẹ rán òun, pé òun kà á sí yín létí, òun sì túmọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fi ìka kan ìwé ilẹ̀, ìwé ìyáwó tàbí ìwé ìpín ogún, ẹ bèèrè pé: "Ta ló kọ èyí? Ẹ fi orúkọ rẹ̀ hàn mí níbí." Bí orúkọ kò bá sí, ẹ má tẹ̀ka. Ẹ mú ẹnì kan tí kò ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ náà dání kó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Fóònù ọmọ yín lè gba ohùn sílẹ̀ bó ṣe ń kà á.

Mo ti ń kà báyìí, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ló dé bá mi.

Àwọn tó ń polongo ẹ̀kọ́ àgbà kì í sọ èyí, ó sì wọ́pọ̀. Ẹni tó mọ̀wé ní 60 á padà lọ ka àwọn ìwé tó wà nínú àpótí. Á rí ibi tí wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ. Á rí lẹ́tà tí ọkọ rẹ̀ tó ti kú kọ, tí ẹlòmíì kà fún un pẹ̀lú àbùkún àti àyọkúrò. Á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún: ká ní mo ti mọ̀ ọ́n ní 20!

Ọ̀fọ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ kó ṣe bí ọ̀fọ̀. Ẹ má tètè jù ú nù pẹ̀lú "ọpẹ́ ló yẹ mí". Ohun tó ti ràn ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ni kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún náà láìmọ̀wé: iye ọmọ tí wọ́n rán nílé ìwé, ilé tí wọ́n kọ́, ọmọ-iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, òkú tí wọ́n sin. Gbólóhùn kúkurú, ẹyọ kan lóòjọ́, fún ọjọ́ 30. Ọwọ́ yín fúnra yín ni kó kọ ọ́, bó tilẹ̀ wọ́.

Bí oúnjẹ kò bá lọ lẹ́nu yín, tí oorun ṣòro, tí ohunkóhun kò sì wù yín ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ó ti kọjá ọ̀fọ̀ ìwé. Ẹ lọ rí dókítà.

Bí mo bá pinnu pé mi ò kọ́ ọ ńkọ́?

Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni 78 ọdún tó sọ pé ayé ti rọ òun lọ́rùn láìsí ìwé kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé, iyì rẹ̀ kò sì dín. Ṣùgbọ́n a máa ń bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó kọ́ nǹkan mẹ́ta péré, tí kò gba ju oṣù kan lọ: nọ́ńbà 0 sí 9 nítorí oògùn, owó àti fóònù, orúkọ ara rẹ̀, àti bó ṣe máa sọ ọ́ ní báńkì tàbí ilé ìwòsàn láìfi ohùn pamọ́ pé, "Mi ò mọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kà á fún mi." Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kẹta ló máa ń pẹ́ jù.

Kí ni kí n kọ́kọ́ kà nígbà tí mo bá mọ̀ ọ́n?

Ohun tí ẹ ti mọ̀ sórí. Ẹni tó ń kọ orin ìjọ láti 40 ọdún á ṣí ìwé orin, ẹnu á máa sáré ṣíwájú ojú. Ẹ fi ìka dá a dúró. Orúkọ àwọn ọmọ nínú fóònù, kí ọmọ-ọmọ ti sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá. Pátákó iwájú ọkọ̀: Òjòó, Ìwó Ròòdù, Ṣàngó. Ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò àjàgbé. Àpò oògùn. Lẹ́yìn ìyẹn ìwé ilẹ̀, pẹ̀lú ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ní ọ̀sán, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀.